Ẹ̀yìn Òkè Tollan

Orest Hnatiuk ló kọ́ mi ní ọkọ̀ òfurufú wíwà. Ọkọ̀ tí à ń wà kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ mìíràn tó ní ẹ́ńjìnnì ni í fi okùn fà á gòkè, tó bá sì ga tó, awakọ̀ á tú okùn náà sílẹ̀, á wá ku òun àti afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè bá wà, á gbé ọ bí ó ṣe ń gbé àṣá. Bí kò bá sí, ilẹ̀ ń dúró dè ọ́.

Ní ìlú wa ní Saskatchewan, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Oko àlìkámà ni láti ìhín títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti fara kan ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán lábẹ́ rẹ níbẹ̀, oko tí o lè bà sí kò lóǹkà. Ogójì ọdún ni Orest fi fò lórí àwọn oko wọ̀nyẹn. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló fi ṣiṣẹ́ jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, pápá tí ẹgbẹ́ awakọ̀ òfurufú wa ti ń fò ni kẹ́ ẹ ti wá a. Òun ló ń gé koríko. Òun ló ń lẹ apá ọkọ̀ tó bá sán. Òun náà ló ń jókòó sẹ́yìn ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n wà, tí yóò máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Má gbá a mú bí ẹni tó mú olè. Ọkọ̀ fẹ́ fò. Jẹ́ kó fò." Bó ṣe sọ fún mi nìyẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lọ́dún tí ọkọ mi kọ̀ mí sílẹ̀, tí mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ara mi sí.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bú u: kì í lọ jìnnà. Bó bá ti fò dé ibi tí kò ti rí pápá wa mọ́, á yí padà. Torí ìyẹn ni Garth Penner fi sọ ọ́ ní Adìyẹ.

Garth ń ta katakata fún àwọn àgbẹ̀. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni, Orest sì ti lé ní márùndínláàádọ́rin. Kí n má purọ́, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà tó Garth láàárín wa. Òun ni alága ẹgbẹ́, òun ló sì ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń fa gbogbo wa gòkè, nítorí náà ohun tó bá ti sọ, abẹ gé e. Ẹnu rẹ̀ mú. Ó lè fi ẹnu bó èèyàn láwọ̀ kí gbogbo ilé máa rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ń bó láwọ̀ náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, a máa ń tú apá àwọn ọkọ̀ wa, a ó tò wọ́n sínú àpótí gígùn ẹlẹ́sẹ̀ táyà, mọ́tò á sì fà wọ́n lọ sí àwọn òkè ńláńlá British Columbia. Orest kò bá wa lọ rí. Àmọ́ nínú ìpàdé oṣù kẹta ọdún náà, Garth dìde, ó ní, "Èmi ò dárúkọ ẹnì kan o, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì fò lórí òkè rí, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?" Gbogbo ojú yí sí Orest. Orest bu ṣúgà sínú kọfí rẹ̀, ó rò ó, ó tún rò ó, lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà á bá yín lọ lọ́dún yìí."

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, Natalka ìyàwó rẹ̀ di ilẹ̀kùn mọ́tò mi mú. Ó ní, "Hedy, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ẹ̀. Kí ojú ẹ máa wà lára ẹ̀ o."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà."

Àwa mẹ́rin la lọ: Garth, Orest, èmi, àti Sigurdson káfíńtà, tí gbogbo wa ń pè ní Sig. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ la fi rìn. Nígbà tí a dé àfonífojì Odò Columbia, tí Orest sọ̀ kalẹ̀, ó kàn dúró, ó gbójú sókè. Yìnyín ṣì wà lórí àwọn òkè náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ti mú. Òkúta ni wọ́n láti ìdí dé orí, igi páìnì sì ṣú bo ẹsẹ̀ wọn. Garth gbá a lẹ́yìn. "Bàbá Adìyẹ, ṣé kí n gbé mọ́tò padà ni?"

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, Orest kò kúrò lókè pápá ẹgbẹ́ ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fà wá gòkè. Á fò fún wákàtí kan, á bà, á nu ojú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, á jókòó sínú òjìji apá rẹ̀. Òun ló ń dáná fún wa. Ó ń din pẹrógì, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n di ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, èyí tí Natalka ti dì fún un, pẹ̀lú àlùbọ́sà, Garth á jẹ mẹ́wàá, á lá ọwọ́, á ní, "Adìyẹ tó mọ oúnjẹ ẹ́ sè! Ẹ ò rí nǹkan?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Garth fi ẹyin tútù kan sórí ìjókòó Orest, ó sì fi aṣọ bò ó. Àwọn awakọ̀ láti ẹgbẹ́ mìíràn ti gbọ́, wọ́n dúró yí wa ká. Orest wọlé, ó jókòó, a gbọ́ pà. Ó dìde. Ẹyin ń ṣàn lẹ́yìn ṣòkòtò rẹ̀.

"Ó ti yé o!" Garth figbe ta. "Ẹ wá wò ó, adìyẹ wa ti yé!"

Sig rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá ọkọ̀ mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń ya fọ́tò. Orest rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìjókòó. Ó ní, "Ẹ ò bá sì ti sè é kẹ́ ẹ tó fún mi." Etí rẹ̀ pọ́n bí ata. Lọ́jọ́ náà kò fò rárá.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ Tọ́sìdeè, ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀.

Èmi àti Garth la jọ wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Orest nìkan ló wà nínú ọkọ̀ kejì. Sig wà nílẹ̀, ó ń tún táyà àpótí ọkọ̀ ṣe; àwa mẹ́ta nìkan la wà lórí ìkànnì rédíò wa. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kọlu iwájú Òkè Tollan, kò níbi tó máa gbà ju òkè lọ, nítorí náà iwájú òkè náà la wà, ó ń gbé wa lọ láìjẹ́ pé a yí apá. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ti ré kọjá orí òkè, ńṣe ló ń já wálẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, bí omi tó ń já lórí àpáta. Ọkọ̀ tó bá wọ ẹ̀yìn òkè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, á bá afẹ́fẹ́ náà já. Gbogbo ẹni tó ti fò níbẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n. Orest kò fò níbẹ̀ rí.

A ti wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ẹsẹ̀ bàtà nígbà tí Garth tẹ bọ́tìnnì rédíò.

"Orest, níbo lo wà?"

"Mo wà lókè pápá. Ẹgbẹ̀rún méje. Ó ń gbé mi díẹ̀díẹ̀."

Garth jọ̀wọ́ bọ́tìnnì náà, ó yí ojú sí mi díẹ̀. "Ó ṣì sàba. Jẹ́ ká lé adìyẹ yìí kúrò lórí ìtẹ́. Pápá koríko ọkùnrin tó ní màlúù yẹn wà ní àfonífojì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló máa bà sí. A ó lọ gbé e nírọ̀lẹ́, a ó ya fọ́tò ẹ̀ láàárín màlúù. Kò ní kú."

Ó tún tẹ bọ́tìnnì. "Orest, kúrò níbẹ̀ yẹn. Máa bọ̀ lẹ́yìn Òkè Tollan, ibẹ̀ la wà. Ó ń gbé wa bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ."

"Ẹ̀yìn?" Orest béèrè. "Ṣé ẹ̀yìn lo wí? Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Hedy wà níbí, bi í." Garth na ọwọ́ sẹ́yìn, ó lu orúnkún mi. "Dá a lóhùn. Tìẹ ló máa gbà gbọ́."

Bọ́tìnnì kan wà lọ́wọ́ èmi náà. Mo lè sọ pé ẹ̀rù Garth bà mí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀rín ló ń pa mí. Mo ti rí Orest lọ́kàn mi láàárín àwọn màlúù, tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lá apá ọkọ̀. Inú mi sì dùn pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún yẹn. Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ máa bọ̀, Orest. Ó dára gan-an lẹ́yìn níbí."

"Ó dáa," ó ní. "Bí ìwọ náà bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mò ń bọ̀."

A rí i. Ọkọ̀ funfun kékeré ni, ó gba ìsàlẹ̀ wa kọjá, ó gba àlàfo tó wà láàárín Òkè Tollan àti òkè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wọ ẹ̀yìn lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ohùn rẹ̀ dé.

"Ó ń já mi sílẹ̀. Mi ò rí yín. Apá ibo gan-an lẹ wà?"

Garth ń rẹ́rìn-ín láìtẹ bọ́tìnnì. Èjìká rẹ̀ ń mì níwájú mi.

"Hedy? Ó ń já mi sílẹ̀ gan-an o." Lẹ́yìn náà, ohùn náà rọ̀ díẹ̀: "Ẹ má bínú. Mo rò pé mo ti pẹ́ jù ni."

A kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Garth ní òkè ló dí rédíò lọ́wọ́. Wákàtí méjì ni a tún fi fò lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọjọ́ dára púpọ̀.

Nígbà tí a bà, Sig kò tíì rí Orest, ó sì ti pe àwọn tó ní pápá yí òkè ká lórí fóònù, títí kan ọkùnrin tó ní màlúù náà. Ẹnikẹ́ni kò bà sí pápá rẹ̀. Orest kò ga tó láti dé ibẹ̀. Mo rí i bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kúrò lójú Garth. Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ apá ọkọ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Iwájú òkè la sọ fún un. Ṣé o gbọ́? Iwájú."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni hẹlikópítà tó rí i. Ọkọ̀ náà ti fọ́ sáàárín igi, níbi tí yìnyín kò tíì yọ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ há sábẹ́ irin, ó sì ti dúdú. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e jáde sọ fún mi pé rédíò wà lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì ti kú, ó ṣì ń tẹ bọ́tìnnì. Ọkùnrin náà bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń jẹ́ Hedy.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún ní ilé ìwòsàn kan ní Calgary. Nígbà tí mo lọ kí i, ó sunkún, àmọ́ kì í ṣe torí ẹsẹ̀.

"Mo ba ọkọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́, Hedy. Ogójì ọdún, mi ò ha ọkọ̀ lára rí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Àwọn tó ń ṣèwádìí wá síbí. Wọ́n ní Garth sọ pé iwájú lẹ ní kí n máa bọ̀." Ó wò mí. Ojú rẹ̀ mọ́, bí ojú ẹni tó ń bi èèyàn ní aago. "Ẹ̀yìn ni mo gbọ́. Kí lẹ sọ?"

Natalka wà nídìí fèrèsé, ó ń ká aṣọ.

Mo ní, "Iwájú ni."

Ó mi orí. "Natalka ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé etí mi ò dáa mọ́. Bẹ́ẹ̀ ìwọ sọ ọ́ kedere. Má dá ara ẹ lẹ́bi o."

Ní oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí i. Garth ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì gbọdọ̀ fò títí dókítà yóò fi wo etí rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ kan lè fò. A mọ àwọn tó ń ṣe é. Etí ni wọ́n fi lé e. Orest lọ ra ẹ̀rọ méjì tí wọ́n ń fi sétí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n. Gbogbo ìlú mọ ìdí rẹ̀. Ní ilé ìtajà, ọmọbìnrin tó ń gbowó á pariwo mọ́ ọn bí ẹni tó wà lódìkejì odò, Orest á mi orí, á ní, "Ẹ ṣeun, ẹ má bínú, etí mi ni." Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan níbẹ̀, agolo tòmátò lọ́wọ́ mi. Mo gbé agolo náà padà sórí àtẹ, mo jáde.

Oṣù kẹwàá ni mo tó lọ sí ilé rẹ̀. Natalka wà nídìí sítóòfù. Orest jókòó sídìí tábìlì, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì fara ti ògiri. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó, láti orí màlúù títí dé ibi tí Garth ti lu orúnkún mi, títí dé iwájú tí mo sọ ní ilé ìwòsàn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń pariwo. Àṣà ti mú èmi náà.

Orest yọ ẹ̀rọ ọ̀tún, ó yọ ti òsì, ó kó wọn sẹ́bàá ìkòkò ṣúgà.

"Tún un sọ," ó ní. "Má pariwo."

Mo tún un sọ. Ohùn mi kéré débi pé èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Ó béèrè ìbéèrè lórí ibì kan, ó tún béèrè lórí òmíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bá etí mi jà. Ṣùgbọ́n mo ti gbà á. Ojú ọjọ́ ló ṣe mí, ọjọ́ orí ló ṣe mí, kò sí ẹni tí mo fẹ́ bínú sí. Mo ń sùn. Wàyí o, ìwọ gbé ẹrù ẹ dé, o sọ ọ́ lé mi lórí. Ara ẹ ti fúyẹ́, àbí kò fúyẹ́?"

Mo ní, "Ó fúyẹ́ díẹ̀."

"Jáde," Natalka sọ. Kò yíjú sí mi. "Jáde kúrò ní kíṣìnnì mi."

"Kó dúró," Orest ní. "Ìpàdé ọdún ń bọ̀ lóṣù kọkànlá. Kó sọ ọ́ níbẹ̀, níwájú wọn. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn kó máa lọ."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé náà. Àwa méjìlélógún la wá. Orest wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo dìde, mo sọ ọ́. Mi ò fo ibì kankan.

Garth kò bínú. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó wá béèrè jẹ́jẹ́, "Hedy, ohùn ta ni Orest gbọ́ kó tó yí ọkọ̀ ẹ̀?"

"Ohùn mi."

"Ta ló sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé iwájú ni?"

"Èmi ni. Àmọ́ ìwọ lo ní kí n—"

"Mo ní kí o? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?" Ó wo àwọn èèyàn. "Àwàdà ni mo ṣe. Àwàdà láàárín ọ̀rẹ́, gbogbo yín mọ̀ mí. Ká ní mo mọ̀ ni." Ó bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún gidi ni, mi ò lè sọ pé ó díbọ́n. Àwọn èèyàn dìde. Ọ̀kan gbé ọwọ́ lé e léjìká, òmíràn bu omi fún un. Mo wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kan lọ́dọ̀ Orest.

Akọ̀wé béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹnì kan láti àárín sọ pé bí Garth bá lọ, ọkọ̀ wo ló máa fà wá gòkè ní ìgbà ooru? Wọ́n bá Garth wí, wọ́n sì kọ ìbáwí náà sínú ìwé. Nígbà tó kàn mí, Sig ló dábàá pé kí wọ́n yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó ní òun kò lè wà lókè pẹ̀lú ẹni tí òun kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Mẹ́rìnlá na ọwọ́ sókè. Mi ò bá wọn jiyàn, torí òótọ́ ni Sig sọ.

Wọ́n ti ń fa àga láti lọ mu kọfí nígbà tí Orest dìde. Ó pẹ́ kó tó dúró dáadáa.

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ nǹkan kan sínú ìwé," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ pé etí mi dáa."

Akọ̀wé kọ ọ́. Orest dúró títí ó fi kọ ọ́ tán, ó ní kó kà á sókè, akọ̀wé sì kà á. Lẹ́yìn náà ó jáde, kò sì wá sí pápá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọdún méjì ti kọjá. Èmi náà kò fò mọ́. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn nítòsí tí kò tíì gbọ́ ìròyìn mi. Garth ṣì ni alága. Ní oṣù kẹfà tó kọjá, mo rí wọn lórí ọ̀nà márosẹ̀, àpótí gígùn mẹ́ta lẹ́yìn mọ́tò mẹ́ta, wọ́n ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Sig fun fèrè sí mi, bóyá kò tètè mọ̀ pé èmi ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Orest lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n ti ṣe ẹsẹ̀ igi fún un, ó ti mọ̀ ọ́n fi rìn. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ di ilẹ̀kùn mú fún mi, bí yóò ṣe dì í mú fún ẹnikẹ́ni. Ó béèrè bí ìbàdí ìyá mi ṣe ń ṣe. Mo ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ti ń rìn kiri inú ilé. Ó ní ká máa dúpẹ́. Kò pe orúkọ mi. Natalka wà nínú mọ́tò níta, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ojú ọ̀nà ló ń wò. Orest rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi wọlé sínú mọ́tò, torí mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n ràn án lọ́wọ́.